Àwọn Tó Tọpa Ìrìn Ẹyinjú

Ní ọdún 1871, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé páálí funfun róbótó kékeré kan sí àárín àwo dúdú, ó bu ẹ̀wà dúdú sọ́wọ́, ó sì ń jù ú sọ́nà páálí náà láìkà á. Iye tó bá wọlé wọlé, iye tó bá ta dànù ta dànù. Á wo inú páálí fìrí, á dárúkọ iye tó rí lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ̀ bóyá òun gbà á tàbí òun ṣì í. William Stanley Jevons ni ọ̀gbẹ́ni náà ń jẹ́. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni aráyé mọ̀ ọ́n mọ́. Ìgbà 1,027 ló ṣe eléyìí. Níbi tó bá ti jẹ́ ẹ̀wà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò ṣì í rí, ẹ̀ẹ̀kan péré kò sí. Bó ti di márùn-ún ni àṣìṣe yọjú, bí iye náà sì ti ń gòkè ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Ó kọ àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣù Kejì ọdún náà.

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn àgbà nídìí ọpọ́n ayò yóò mọ ohun tí Jevons ń wá. Ọ̀ta kì í ka ọmọ ayò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà nínú ihò kan. Ojú rẹ̀ ti kó o kí ọwọ́ tó débẹ̀. Ìgbà tí ihò bá kún ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Jevons fi ẹ̀wà rẹ̀ bu òṣùwọ̀n lé nǹkan yìí, mẹ́rin tó bá pàdé náà yóò sì tún yọjú lẹ́yìn ohun tó ju 100 ọdún lọ, nínú yàrá àyẹ̀wò mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn tí kọ̀ǹpútà ń bá ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n iye nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ohun kan bá kúrò níwájú ẹni, kí ni ojú ṣì dì mú nínú rẹ̀, báwo ló sì ṣe dì í mú? Àwọn tó lé ìbéèrè yìí láti ìgbà Jevons títí di òní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ojú ń ya fọ́tò, ọpọlọ sì ń tọ́jú fọ́tò náà sínú àpótí kan. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn fúnra wọn ló tú èrò yìí ká. Ohun tí wọ́n bá ni pé ibi tí nǹkan wà, àti ibi tí ẹyinjú kọjú sí lákòókò náà, ni ìrántí fi ń di nǹkan mú. Bí ibi bá yẹ̀, ohun tí a rí níbẹ̀ náà a máa yẹ̀.

Hermann von Helmholtz, àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Jámánì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fura. Ó to lẹ́tà sínú àpótí kan tó ṣókùnkùn biribiri, ó tẹjú mọ́ ojú ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó gba ihò abẹ́rẹ́ wọlé, kò sì jẹ́ kí ẹyinjú rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kí ó tó tan iná, á ti pinnu lọ́kàn pé apá òkè ni òun fọkàn sí, tàbí apá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Iná mànàmáná á ṣẹ́ wàá, á sì kú kí ẹyinjú tó ráyè yí. Lẹ́tà apá ibi tó fọkàn sí ló rí kà, ìyókù á bọ́ mọ́ ọn lójú. Ojú kò kúrò níbi kan, síbẹ̀ ọkàn ti lọ síbòmíràn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ohun méjì ni ibi tí a ń wò àti ibi tí a fọkàn sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń rìn pọ̀.

Helmholtz náà ló tún ronú jinlẹ̀ lórí ohun kan tí ọmọdé pàápàá lè dán wò. Bí ènìyàn bá fi ìka rọra ti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ láti ìta ìpéǹpéjú, gbogbo yàrá á mì. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí ẹyinjú náà fúnra rẹ̀, kò sóhun tó mì, bẹ́ẹ̀ ìrìn tí àwòrán rìn lẹ́yìn ẹyinjú nígbà yìí pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ọpọlọ ti mọ àṣẹ tí òun pa fún ẹyinjú, ó sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí bí ọpọlọ kò bá mọ ibi tí ẹyinjú wà, kò lè mọ ibi tí ohunkóhun wà.

Títí di àkókò yìí, èrò àwọn ènìyàn ni pé bí ẹni kan bá ń kàwé, ńṣe ni ojú ń rọra yọ́ lórí ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé iṣẹ́ dókítà ojú kan ní Paris, Louis Émile Javal, ni ìròyìn ti jáde ní ọdún 1879 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ojú ń fò. Á dúró díẹ̀, á fò, á tún dúró. Àwọn tó kọ ìtàn ìmọ̀ yìí sọ pé igbákejì rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Lamare ló ṣe àkíyèsí náà gan-an, ó sì yẹ kí a dárúkọ rẹ̀. Etí ni Lamare fi gbọ́ ọ: ó gbé ohun èlò kékeré kan lé ìpéǹpéjú òǹkàwé, ó so ó mọ́ rọ́bà tó lọ sí etí rẹ̀, bí ojú bá sì ti fò, á gbọ́ ìró. Ní Prague, ní ọdún 1879 kan náà, Ewald Hering ń ṣe ohun tó jọ ọ́, ó ń fi rọ́bà gbọ́ ìró iṣan ojú bí dókítà ṣe ń gbọ́ ìlù ọkàn. Kò sí kámẹ́rà tó yára tó nígbà náà, etí ló wá gba ojú sílẹ̀.

Àìsàn glọkómà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú Javal fúnra rẹ̀, ó sì fọ́jú pátápátá ní ọdún 1900. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí bí ojú ṣe ń kàwé kò lè kàwé mọ́. Kò jókòó sínú ìbànújẹ́; ní ọdún 1903 ó tẹ ìwé ìmọ̀ràn kan jáde fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́jú, nípa bí wọ́n ṣe lè máa rìn, kí wọ́n máa kọ̀wé, kí wọ́n sì máa gbé ilé ayé.

Gbígbọ́ kò tó. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn fẹ́ kí ojú kọ ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti le. Ní Yunifásítì Clark ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lápá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Edmund Burke Huey mọ ife kékeré kan pẹ̀lú POP, irú ẹfun tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́, ó dá ihò sí àárín rẹ̀ kí òǹkàwé lè ríran, ó sì gbé e lé ẹyinjú lórí gan-an. Oògùn kokéènì ló kọ́kọ́ kán sójú kí ó lè kú tipiri. (Ọdún 1884 ni Carl Koller, dókítà ní Vienna, ṣàwárí pé kokéènì lè pa ìrora ojú, ká ní kò sí èyí ni, kò sẹ́ni tí ì bá gbà.) Ọ̀pá alumíníọ̀mù tín-ín-rín kan so mọ́ ife náà, ẹnu ọ̀pá yìí sì ń fa ìlà sórí bébà tí wọ́n ti fi èéfín pa dúdú, tó ń yí bí rọ́ọ̀lù. Òǹkàwé á ti orí rẹ̀ mọ́ ojú kan, kò gbọ́dọ̀ mì. Ìlà tó jáde dà bí àtẹ̀gùn: ó tẹ́jú, ó já, ó tẹ́jú, ó já. Ojú ti kọ̀wé ara rẹ̀. Edmund Delabarre náà ṣe irú rẹ̀ lákòókò kan náà, ojú ara rẹ̀ ló sì fi dán an wò.

Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn. Ojú tí wọ́n ń gbé ife POP lé yìí náà ni wọ́n fẹ́ fi wo àbájáde iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kejì.

Raymond Dodge, ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Benno Erdmann ní Halle, ní Jámánì, wá ọ̀nà tó tuni lára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú T. S. Cline ní ọdún 1901, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú, ó sì ya fọ́tò bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń tàn padà láti ara ẹyinjú, sórí dígí fọ́tò tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ohun tó kan ojú mọ́. Dodge náà ló ṣàkíyèsí ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè dán wò níwájú dígí: bí ènìyàn bá ń wo ojú ọ̀tún rẹ̀ nínú dígí, tó tún yí wo ti òsì, kò ní rí ẹyinjú rẹ̀ tó ń rìn láé. Ẹni tó dúró tì í ń rí i kedere. Nígbà tí ojú bá ń fò, ohun tó ń rí kò tó nǹkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò ríran. Bí ojú sì ti ń fò ní nǹkan bí ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ayé tí a ń rí jẹ́ ẹ̀rún-ẹ̀rún. Kí ló ń so ẹ̀rún wọ̀nyí pọ̀? Ìrántí kúkúrú kan gbọ́dọ̀ wà tó ń di èyí tó kọjá mú títí èyí tó ń bọ̀ á fi dé.

Ọ̀nà mìíràn sí ìdáhùn gba ọ̀dọ̀ ẹranko kọjá. Ní ọdún 1913, Walter Hunter tẹ iṣẹ́ tó ṣe ní Yunifásítì Chicago jáde. Àpótí mẹ́ta ló gbé kalẹ̀. Iná á tàn lójú ọ̀kan, oúnjẹ wà níbẹ̀. Iná á kú. Ẹranko náà á dúró lẹ́yìn ìdènà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó tú u sílẹ̀. Ṣé yóò rántí èyí tí iná tàn lójú rẹ̀? Eku lè dúró tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ajá tó ìṣẹ́jú 5. Àmọ́ Hunter rí ohun tó ju iye àkókò lọ. Eku àti ajá wọ̀nyí kọjú ara wọn sí àpótí tó tọ́ ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń dúró. Ara ló ń rántí. Bí wọ́n bá yí ajá padà, ọ̀nà sọnù. Àwọn ọmọdé tó fi irú ìdánwò yìí wò kò nílò irú ìkọjúsí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, kí wọ́n ṣì lọ bá àpótí náà tààrà.

Ìwádìí Hunter ni mo kà sí ọ̀kan nínú èyí tó lẹ́wà jù nínú gbogbo ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà àwọn ìwádìí ọpọlọ tó tẹ̀ lé e ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi hàn pé kí ìrántí ibi tó wọ inú ọpọlọ lọ tán, ó ti kọ́kọ́ wà nínú bí ara ṣe dúró àti ibi tí ojú kọ sí.

Ní Moscow, ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, Alfred Yarbus gbé ìṣòro ojú débi tó tún jinlẹ̀ sí i. Ó fi ohun èlò kékeré tó ń fa mọ́ ẹyinjú, tó ní dígí lára, ṣe àkọsílẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń wo àwòrán Ilya Repin kan, níbi tí ọkùnrin kan ti ṣàdédé wọlé bá ẹbí rẹ̀ láti ìgbèkùn. Nígbà tí Yarbus bá bi wọ́n pé ọmọ ọdún mélòó ni àwọn tó wà nínú àwòrán, ẹyinjú wọn lé ojú àwọn ènìyàn inú àwòrán. Nígbà tó bá ní kí wọ́n rántí aṣọ wọn, ojú lé aṣọ. Ohun tí ènìyàn fẹ́ rántí ló ń darí ẹsẹ̀ ojú. Nínú iṣẹ́ mìíràn, ó rí i pé bí a bá so àwòrán kan mọ́ ẹyinjú débi pé ó ń bá a yí kiri, àwòrán náà á parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ojú tí kò rìn kì í ríran pẹ́.

Ọdún 1960 ni ọ̀rọ̀ wá yọ kedere. George Sperling, tó ṣe iṣẹ́ náà ní Yunifásítì Harvard, tan lẹ́tà 12 síta, ìlà mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́rin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí a pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 20, ọ̀nà kan ni lẹ́tà wọ̀nyí fi wà níta. Bí ó bá ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo ohun tí wọ́n rí, mẹ́rin tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n lè sọ, gẹ́lẹ́ bíi ti Jevons. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń tẹnu mọ́ ọn pé àwọn rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ńṣe ni ìyókù ń yọ́ bí àwọn ti ń sọ̀rọ̀. Sperling gbà wọ́n gbọ́, ó sì wá ọgbọ́n tí yóò fi mọ òtítọ́. Lẹ́yìn tí lẹ́tà ti lọ, á fọn ìró: ìró òkè dúró fún ìlà òkè, ìró àárín fún ìlà àárín, ìró ìsàlẹ̀ fún ìlà ìsàlẹ̀. Wọn ò mọ ìlà tó máa bi wọ́n ṣáájú. Síbẹ̀, ìlà yòówù tó bá bi wọ́n, wọ́n ń dárúkọ bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìyẹn ni pé ní kété tí lẹ́tà lọ, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú 12 ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ìró bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dún, àǹfààní náà ti tán.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìró Sperling ń sọ dáadáa. Ibi ló ń tọ́ka sí. Kò ní kí wọ́n mú lẹ́tà tó jẹ́ irú kan. Ó ní kí wọ́n mú ohun tó wà lókè, tàbí láàárín, tàbí nísàlẹ̀. Wọ́n fi ibi wọ inú ohun tó ti lọ, bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀.

W. A. Phillips, ní ọdún 1974, wá fọ́ ìrántí yìí sí méjì. Ó fi àwòrán tó pín sí ihò kéékèèké, àwọn kan dúdú, àwọn kan funfun, han àwọn ènìyàn, ó mú un kúrò, ó sì gbé òmíràn wá, tó lè jẹ́ ọ̀kan náà tàbí kó yàtọ̀ ní ihò kan ṣoṣo. Bí àlàfo àárín méjèèjì bá kúrú gan-an, wọ́n ń gbà á bí ẹni ń jẹun, kódà bí ihò náà bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan wà tó yí gbogbo rẹ̀ padà: Phillips sún àwòrán kejì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, agbára ńlá ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn wó. Ìrántí ìbẹ̀rẹ̀ yìí lẹ̀ mọ́ ibi gan-an, ó tóbi, kò sì pẹ́ rárá. Èyí tó gbapò rẹ̀ kéré, ó lè dúró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, sísún àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ kò sì pa á lára tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé ìrántí kejì yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ibi. Ọ̀pọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó gba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó rí i pé kò bọ́ tó bí wọ́n ṣe rò.

Kọ̀ǹpútà ti dé lákòókò yìí, ó sì lè yí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ padà láàárín ìgbà tí ojú fi ń fò. Ní ọdún 1979, George McConkie àti David Zola jẹ́ kí àwọn ènìyàn ka ìwé tí lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré tẹ̀ léra nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí ojú bá fò, kọ̀ǹpútà á yí ńlá di kékeré, á yí kékeré di ńlá. Àwọn òǹkàwé kò mọ̀. Wọ́n ń kàwé lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọdún 1996, John Grimes tẹ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú fọ́tò: ọkùnrin méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, bí ojú ti fò, wọ́n pààrọ̀ orí wọn. Ìdajì àwọn tó ń wò ó kò rí i. Fọ́tò tí a rò pé ojú ń kó jọ láti fífò dé fífò kò sí. Ohun tó ń la fífò kọjá kò ju nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, David Irwin sì ti fi ìdánwò gbe èyí lẹ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Alan Baddeley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀rọ̀ náà láti inú ọkọ̀. Nígbà tó wà ní Amẹ́ríkà, ó ń wakọ̀ lójú títì ńlá, ó sì ń gbọ́ ìròyìn ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ará ibẹ̀ lórí rédíò. Bí ó ti ń ya bọ́ọ̀lù náà sí ojú inú, ibi tí agbábọ́ọ̀lù wà, ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó yára yí rédíò sí orin. Láti inú irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò bóyá ìrìn ojú ń ba ìrántí ibi jẹ́. Ìdáhùn ni bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ kan tí Bradley Postle àti àwọn mìíràn, pẹ̀lú Baddeley, tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé bí ènìyàn bá ń yí ojú kiri nígbà tó ń rántí ibi, ìrántí náà á bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìrísí nǹkan ló ń rántí, kò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́.

Nínú ọpọlọ gan-an ńkọ́? Ní ọdún 1989, Shintaro Funahashi, Charles Bruce àti Patricia Goldman-Rakic, ní Yunifásítì Yale, tẹ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọpọlọ ṣì ń tọ́ka sí jáde. Wọ́n kọ́ ọ̀bọ láti tẹjú mọ́ àárín. Ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́ ní ọ̀kan nínú ibi mẹ́jọ tó yí i ká, á sì kú. Ọ̀bọ kò gbọ́dọ̀ wo ibẹ̀, àfi lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí wọ́n bá gbà á láyè. Nínú iwájú ọpọlọ, wọ́n rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ta láìdánu dúró ní gbogbo àkókò ìdúró yẹn, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fún ibi tirẹ̀. Ọ̀kan fún apá ọ̀tún, òmíràn fún òkè, òmíràn fún apá òsì lápá ìsàlẹ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá dákẹ́ láàárín àkókò náà, ọ̀bọ sábà máa ń ṣì í. Ohun tí ajá Hunter fi ara rẹ̀ ṣe ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń ṣe nínú òkùnkùn agbárí.

Ṣáájú èyí, ní ọdún 1985, Richard Andersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí nǹkan mìíràn lápá ẹ̀yìn òkè ọpọlọ. Ìmọ́lẹ̀ kan náà, tó bọ́ sí ibi kan náà lẹ́yìn ẹyinjú, lè mú kí sẹ́ẹ̀lì kan ké tagbára-tagbára tàbí kó rọra sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹyinjú ṣe dúró nínú agbárí. Sẹ́ẹ̀lì náà ń gbọ́ ìròyìn méjì pọ̀: ohun tó wọlé, àti ibi tí ẹyinjú kọjú sí. Pẹ̀lú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ fi lè mọ ibi tí nǹkan wà nínú yàrá, kì í ṣe ibi tó wà lójú nìkan.

Jean-René Duhamel, Carol Colby àti Michael Goldberg sọ èyí tó yà wá lẹ́nu jù ní ọdún 1992. Wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì tó ń múra sílẹ̀ kí ojú tó fò, tí ń dáhùn sí ohun tí kò tíì wọ agbègbè tó ń ṣọ́, nítorí pé ó mọ̀ pé bí ojú bá ti fò tán, yóò wọ ibẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá sì ti kú kí ojú tó fò, sẹ́ẹ̀lì náà ṣì ń dáhùn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wà rí. Ohun tó ti lọ tán ni ó ń gbé kiri, ó sì ń gbé e ní ìbámu pẹ̀lú ìrìn ojú.

Mẹ́rin Jevons padà wá ní ọdún 1997. Steven Luck àti Edward Vogel, ní Yunifásítì Iowa, tan àwọn oníhà mẹ́rin aláwọ̀ síta fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n mú wọn kúrò, wọ́n sì tún gbé wọn wá kí àwọn ènìyàn sọ bóyá ọ̀kan ti yí àwọ̀ padà. Títí dé mẹ́ta, àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í; láti mẹ́rin lọ sókè ni agbára wọn dínkù. Ìdánwò náà rọrùn débi pé àìmọye yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé ń lò ó títí di òní.

Ṣé àwọ̀ nìkan ni wọ́n ń rántí nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 2000, Yuhong Jiang, Ingrid Olson àti Marvin Chun dán an wò. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn rántí àwọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n rántí ibi. Ṣùgbọ́n nígbà ìdánwò, bí wọ́n bá tún ìyókù tò, tí àwọn aládùúgbò ohun tí wọ́n ń bèèrè ti sún kúrò ní àyè wọn, ìrántí àwọ̀ náà ṣubú. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ni wọ́n yí padà, tó jẹ́ ibi ni wọ́n ń bèèrè, kò sí ohun tó ṣe ìrántí ibi. Ibi ń gbé àwọ̀ lẹ́yìn. Àwọ̀ kò gbé ibi. Èyí ni ìdáhùn tó yẹ Phillips. Sísún gbogbo àwòrán pa pọ̀ kò pa ìrántí kejì lára tó bẹ́ẹ̀, nítorí ètò ibi tó wà láàárín wọn kò yí padà. Tú ètò náà ká, ìrántí á tú.

Michael Spivey àti Daniel Richardson gbà á láti ọ̀nà mìíràn ní ọdún kan náà. Wọ́n pín ojú kọ̀ǹpútà sí mẹ́rin. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á yọjú, á sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń wò, á sì lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ojú kọ̀ǹpútà ti ṣófo. Síbẹ̀, bí ẹni náà ti ń ronú ìdáhùn, ẹyinjú rẹ̀ lọ sí igun tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Etí ló fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Ojú ló ń wá a níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá ìrìn ojú yìí ń ran ìrántí lọ́wọ́ tàbí ó kàn ń tẹ̀ lé e. Roger Johansson àti Mikael Johansson, ní Lund, ní Swídìnì, dá sí i ní ọdún 2014: nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn tẹjú mọ́ igun tí ohun tí wọ́n ń rántí ti wà, wọ́n rántí rẹ̀ dáadáa ju ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n tẹjú mọ́ igun mìíràn lọ. Lójú tèmi, èyí tó láti gbà pé ìrìn náà ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí ó gbòdì sí ohun tí gbogbo wa lè rò. Bí a bá ní kí ènìyàn rántí ibi kan, kí ó sì yí ojú rẹ̀ kí ó tó dáhùn, òṣùwọ̀n wo ni ìrántí rẹ̀ ń lò, ti yàrá ni tàbí ti ojú? Ohun tó wúlò fún ayé ni ti yàrá: ife omi kò kúrò lórí tábìlì nítorí pé ojú yí. Julie Golomb àti Nancy Kanwisher ní MIT wọ̀n ọ́n ní ọdún 2012. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn rántí ibi nínú yàrá, tàbí kí wọ́n rántí ibi ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí ojú kọ sí, bí ojú bá sì sún, kí ibi náà bá a sún. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò nílò lójoojúmọ́ ni ó péye jù. Bí ojú bá ti fò lẹ́ẹ̀kan, ìrántí ibi inú yàrá á yẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá fò lẹ́ẹ̀kejì, á tún yẹ̀ sí i. Ti ojú kò yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n ojú, ìyẹn èyí tí Huey fi POP àti kokéènì wá, ni ọpọlọ kọ́kọ́ fi kọ ibi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń tún un ṣírò sí ti yàrá lẹ́yìn fífò kọ̀ọ̀kan, ìṣirò kọ̀ọ̀kan sì ń fi àṣìṣe kékeré tirẹ̀ kún un.